Ẹ̀jẹ̀ Sùlèímọ̀n Ará Omifunfun

N kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé ìgò náà, ojú mi ni mo sì fi rí ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀. Òun náà rí i. Kò fẹ́ kí a máa sọ ọ́ kiri, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ rí pé kò ṣẹlẹ̀.

Olúrónkẹ́ ni orúkọ mi. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ore, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí fèrèsé ti máa ń gbọ̀n bí tírélà bá ń kọjá. Ọ̀gá mi, Dókítà Akínṣọlá, ló ni ín. Ó ra ẹ̀rọ kan tí irú rẹ̀ kò pọ̀ lágbègbè wa. Bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i, á fà á gba inú ọ̀pá tóóró kan, á ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ti wúwo tó. Ohun kọ̀ọ̀kan á wá yọ lójú kọ̀ǹpútà bí òkè kékeré. Oògùn tí ènìyàn bá lò, ẹ̀rọ yìí á rí i. Bó bá pọ̀, òkè rẹ̀ á ga. Bó bá kéré, á rẹlẹ̀.

Sùlèímọ̀n Oyèdèjì wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà òjò. Ọmọ Ẹjígbò ni, ó ń bá onílẹ̀ kan tọ́jú oko kòkó ní Omifunfun. Wárápá ń ṣe é. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tó ń lò pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí àìsàn náà ṣì ń gbé e ṣubú.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín déédéé?" mo bi í.

"Ó ti tán lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òmíràn ni." Ó fọwọ́ lu àpò ṣòkòtò rẹ̀. Káàdì oògùn náà dún.

"Ẹ máa lò ó láràárọ̀ o."

"Mo gbọ́."

Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dá ọ̀kadà dúró, ó lọ.

Ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí oògùn kankan. Mo gbé ìyókù ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí n tún un wọ̀n kó lè dá wa lójú. Òkè náà ti ga.

Mo rò pé ìgò ẹlòmíràn ni mo mú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ Sùlèímọ̀n ló wà lára rẹ̀. Mo fọ ẹ̀rọ, mo tún ẹ̀jẹ̀ náà wọ̀n. Ó ga síbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹlẹ̀ díẹ̀, bó ti máa ń rẹlẹ̀ lára ẹni tó lo oògùn láàárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó ti tún gòkè.

Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kì í gbé oògùn mì. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ nígbà tí a fà á, ìyẹn náà ló máa wà níbẹ̀. Kò lè pọ̀ sí i, àfi kó dín.

Ọ̀gá wá ṣe é fúnra rẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Ó fi ti Sùlèímọ̀n sí i. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà títí.

"Rónkẹ́, ta ló ń ṣí fíríìjì yìí?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Ó tì í. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Láàárọ̀, òkè náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà ni obìnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ṣàkírát ni orúkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nọ́ọ̀sì, èmi ni Ìyá Ùsmọ́n, ìyàwó Sùlèímọ̀n. Ṣé ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n dé. Ọjọ́ Ajé ni."

"Wọn ò tíì délé."

Ọlọ́kadà ní òun sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko. Ó rí i tó wọ inú kòkó lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fojú kàn án. Àwọn ọdẹ ti wá a, ó ti sú wọn. Wọ́n ní ó ti lè sá padà sí Ẹjígbò.

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ilẹ̀.

N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe já bọ́ lẹ́nu mi. "Wọ́n ń lo oògùn wọn, Ìyá Ùsmọ́n. Wọ́n lò ó láàárọ̀ yìí."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ni."

Ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí, ó sáré jáde.

Mo gbọ́ pé ó lọ kúnlẹ̀ fún àwọn ọdẹ. Ó ní ọkọ òun wà láàyè, ilé àyẹ̀wò ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sínú igbó, wọ́n sì rí i. Kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rárá. Ó dojú bolẹ̀ nínú omi tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀, ewé kòkó ti bò ó. Àìsàn náà ló gbé e síbẹ̀. Ẹni tó bá rí òkú náà kò nílò dókítà kó tó mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé ló ti kú. Káàdì oògùn ṣì wà lápò rẹ̀. Kò tíì já ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Wọ́n sin ín lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ṣàkírát pè mí lórí fóònù. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ kàn rọlẹ̀.

"Ẹ ní wọ́n ń lò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ."

"Wọn ò lò ó."

N kò lè sọ fún un pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rí i gan-an, òkè náà ṣì ga.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Kò tún gòkè mọ́. Ọ̀gá ní a dúpẹ́, ẹ̀rọ ti padà bọ̀ sípò, kí n lọ da ìgò náà nù. Mo ní màá dà á nù. N kò dà á nù. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí oníwárápá bí oògùn bá tán lára rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni. Oòrùn ń ràn. Àwọn tó ń dúró de èsì jókòó síta, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́, fíríìjì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni mo ti gbọ́ ọ. Gíláàsì ń kan gíláàsì. Kí-kí-kí-kí. Mo rò pé tírélà ni. Mo yọjú lójú fèrèsé. Kò sí tírélà lọ́nà.

Mo ṣí fíríìjì. Gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbọ̀n. Á gbọ̀n, á sinmi, á tún gbọ̀n.

Mo pe ọ̀gá. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé.

"Má fọwọ́ kàn án," ló wí.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ náà nìyẹn bí wárápá bá gbé ẹnìkan sójú títì. Ṣùgbọ́n mo ti mú un. Inú òtútù ni mo ti mú un, síbẹ̀ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wa pé ká ṣe fún oníwárápá: mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo rọra gbé ọwọ́ tì í kó má baà ṣubú, mo sì dúró tì í. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lábẹ́ ọwọ́ mi.

Mo pe Ṣàkírát.

"Ìyá Ùsmọ́n, oògùn tó wà lápò wọn, ibo ló wà?"

"Mo ti sun ún mọ́ aṣọ wọn. Kí ló dé?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Adìyẹ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lorúkọ oògùn yẹn?" ló wá bèèrè.

Ó wá sí Ore, ó rà á ní kẹ́mísì. Kò wọlé tọ̀ wá. Ó na káàdì náà sókè kí n lè rí i láti ojú fèrèsé, ó sì gun ọ̀kadà. Ọwọ́ ló fi wa ilẹ̀ níbi orí sàréè ọkọ rẹ̀, ó bo káàdì náà mọ́lẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún.

Ìgò náà kò gbọ̀n mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ kò ju èyí tí a lè wọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré lọ. Mo sọ ọ́ fún Ṣàkírát nígbà tó wá sọ́jà.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n wò ó? Bí mo bá wò ó, ó tán nìyẹn."

"Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ ńkọ́? Kí la fẹ́ ṣe?"

"N kò mọ̀."

"Bí ẹ ò bá rí i?"

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ nọ́ọ̀sì. Káàdì yẹn á ti fẹ́ẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ ra òmíràn kí kẹ́mísì tó tì."