Ohùn Kẹrin

"Ṣé fáànù tó ń dún kẹ̀-kẹ̀ nìyí?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gun àkàbà nínú yàrá mi?"

"Ta tún ni, tí kì í bá ṣe ìyá yín? Ṣé kí n pa iná?"

"Ṣé ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án?"

Rewáyà náà dúró lórí àkàbà, sukudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà nísàlẹ̀ ti na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè sí fáànù; ó di ojú, ó ń mi orí tẹ̀lé ìró náà bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn tó ti ń retí tipẹ́. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a sọ̀.

Orin tẹ́kínò ni obìnrin náà ń fi ẹ̀rọ ṣe, irú èyí tí ohùn rẹ̀ kì í pọ̀, tí ìyípadà rẹ̀ sì máa ń yọ́ wọlé. Òfin kan ló fi de ara rẹ̀: ohùn mẹ́rin, kò gbọdọ̀ lé. Ìlù tó rinlẹ̀, ìró omi tó ń kán, ohùn dùùrù kan ṣoṣo. Fáànù náà ni ìkẹrin.

Rewáyà padà wá. Ó ní òun gbàgbé téèpù.

"Ẹ fi ìkarùn-ún kún un, á dùn sí i."

"Kí ọ̀kan tó wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Tí wọ́n bá pọ̀, mi ò ní gbọ́ ìkankan dáadáa."

"Ìyáàfin Mẹ́rin! Ṣé nǹkan mẹ́rin náà lẹ fi ń se ọbẹ̀?"

"Mẹ́ta. Mi ò kì í fi iyọ̀ sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni n ó máa se é."

Ó ń gbàgbé irinṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá obìnrin náà ń kó wọn jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àpótí irinṣẹ́ rewáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán kí ó tó lè la ẹnu.

"Ṣé ẹ máa fẹ́ mi?"

"Ilé mi ti kún."

Ó tún bi í lórí àtẹ̀gùn. Ó tún bi í lórí fóònù. Ilé ti kún.

Ìyá obìnrin náà pariwo láti ilé ìdáná: "Wọ́n ní kóo fẹ́ ọkọ, wọn ò ní kóo fi í sínú orin!"

"Màámi, ọ̀kan náà ni. Ẹni tí mo bá gbà, mo gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ọ délẹ̀. Etí mi ò tíì ráyè."

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé rewáyà lọ sí ìlú mìíràn. Kò bínú. Ó kàn wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ náà, kò gbàgbé ohun kankan.

Àìgbàgbé yẹn ló dun obìnrin náà jù. Ó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó yọ omi, ó dá a padà. Ó yọ dùùrù, ó dá a padà. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá ti dún kẹ̀, ẹsẹ̀ lórí àkàbà ni ó ń gbọ́. Níkẹyìn, ó yọ fáànù, ó sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Orin náà ń yí, ó ń yí. Nígbàkúùgbà tó bá kan ibẹ̀, ara rẹ̀ a máa retí.

Ó gbé fóònù.

"Rewáyà, fáànù mi ń pariwo."

"Ṣé... kí n tún un ṣe?"

"Máa bọ̀."

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó fún nọ́ọ̀tù kan le, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìdún.

"Ó tán. Kí ló máa wá di ìkẹrin?"

Obìnrin náà na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè sí i lórí àkàbà. "Bi mí."

"Kí ni kí n bi yín?"

"Èyí tóo máa ń bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Obìnrin náà di ojú, ó jẹ́ kí ohùn náà rìn dé òpin. Ní ilé ìdáná, ṣíbí dákẹ́ nínú ìkòkò.

"Mo gbọ́ ọ," ni obìnrin náà wí. "Mo gbà."