Ojú Télọ̀

Irọ́ kọ́ lèyí. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń ránṣọ nísàlẹ̀ rẹ̀ dòní.

Obìnrin kan ń gbé lókè, òǹkọ̀wé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn, ló ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Obìnrin yìí ń kọ ìtàn télọ̀ kan àti àbúrò rẹ̀. Ìtàn ọ̀hún ti dé ìdajì, àmọ́ ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Atẹ̀wé rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Fìyà jẹ ẹnì kan nínú ìtàn náà."

"Èyí tí mo ti kọ ńkọ́?"

"Má padà sẹ́yìn. Máa kọ ọ́ lọ bí ẹni pé bó ṣe rí nìyẹn tẹ́lẹ̀. Tó o bá parí tán, wàá tún ìbẹ̀rẹ̀ ṣe."

Lọ́sàn-án gangan, ó kọ ọ́ pé télọ̀ fọ́jú nígbà tó wọ inú iná lọ gbé àbúrò rẹ̀ jáde.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ nísàlẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri. Ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú.

"Bọ̀dá mi, kí ló ṣe yín lójú?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "O tún ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà ẹ. Ṣé o ti gbàgbé inú iná tí mo ti fà ẹ́ yọ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pòṣé. "Kó tó fẹ́ mi nìyẹn. Ta ni ò mọ̀?"

Òǹkọ̀wé wo apá ara rẹ̀. Àpá iná wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ láàárọ̀.

Ó sáré gòkè láti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó kọ́kọ́ tún un kà. Ó dùn. Ó dùn dé egungun. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká má purọ́, ìwà ìkà ni. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ké, igbe yẹn gan-an ló ń kọ sínú ìtàn.

Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ní, "Àbúrò mi, ojú ẹ nìkan ló máa ń wù mí láti rí. Mi ò mọ bó o ṣe dàgbà sí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ó padà sídìí iṣẹ́. Bí kò bá sí àbúrò, ta ni télọ̀ fẹ́ wọ iná lọ gbé? Ó bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun, ó ń kọ ọ́ lọ bí ẹni pé télọ̀ kò ní àbúrò rí.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kíákíá, bí ti ẹni tó ríran.

Ó fò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè. Ẹyinjú rẹ̀ mọ́ roro.

"Bọ̀dá mi!"

"Ẹ káàsán mà. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

"Èmi ni. Àbúrò yín."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo lọkọ mi, mà. Bóyá ẹ ṣìlé ni."

Télọ̀ ti mú tépù, ó ti dìde pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó nà án mọ́ èjìká obìnrin náà. Ó kà á. Ó tún un nà, ó rọra kà á, àmọ́ tépù náà ń gba inú ara obìnrin náà kọjá bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni.

Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí, "wá wò ó. Mi ò rí nǹkan kan wọ̀n."