Ẹni Tó Ń Bá Bọ́lájí Ṣe Àmín

Ohùn kan ṣe àmín nílé Kọ́láolúwa Adéyanjú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sì sí ẹni tó ni ohùn náà nínú àwọn mẹ́ta tó kúnlẹ̀ ní pálọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà nínú ilé yẹn, kó lè yé yín. Kọ́láolúwa, télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Aswani, kì í da ọmọ pọ̀ nínú àdúrà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ, á sọ ohun tó ń fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún un, ẹni tó bá pè ni yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín. Ó máa ń ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ, ẹnu ẹni náà la sì fi ń gba ìbùkún.

Ọmọ méjì ló ń pè: Ọmọ́bọ́lájí, àkọ́bí, àti Olúfọlákẹ́, àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bọ́lájí ò sí nílé. Ìbínú ló fi jáde. Ó ní àdúrà bàbá òun ò tíì sọ ẹnikẹ́ni di nǹkan kan, ló bá bá àwọn tó ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà lọ. Láti ìgbà náà, kò sí fóònù, kò sí ìró. Àwọn àgbà ní ó sàn kí ọmọ ẹni kú ju kó nù lọ, ẹni tí kò bá ṣẹlẹ̀ sí rí ni kò ní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Kọ́láolúwa ò yé pè é. Tó bá ti pè é tán, á dákẹ́ díẹ̀ kí àmín lè ráyè, lẹ́yìn náà ni yóò tó máa bá àdúrà lọ. Ọmọ́wùmí ìyàwó rẹ̀ a máa fi eyín di ètè mú nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ohùn náà ti jáde. "Àmín." Ohùn ọkùnrin ni, ó ha, bí ohùn ẹni tí kò rí omi mu. Òórùn iyanrìn gbígbóná sì gba inú pálọ̀ kan.

"Bàbá Bọ́lájí," ni Ọmọ́wùmí sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ìyẹn kì í ṣe ohùn ọmọ mi."

Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Nafeesah tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn nínú ilé alájà tí wọ́n ń pè ní Jakande ló wá dá kún ẹ̀rù wọn. Ó bá Ọmọ́wùmí nídìí ẹ̀rọ omi, ó ní, "Ìyá Bọ́lájí, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ gbàlejò. Bí mo bá ń kírun àsùbáà ni mo máa ń gbọ́ ọkùnrin yẹn tó ń ṣe àmín. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí." Bọ́kẹ́ẹ̀tì já bọ́ lọ́wọ́ Ọmọ́wùmí.

Ọ̀rọ̀ di ìjà nínú ilé. "Ta ló ń jẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ?" ni obìnrin náà ń bi ọkọ rẹ̀. "Gbogbo ìbùkún tí ẹ ń tọrọ fún Bọ́lájí, ẹ̀mí àìmọ́ ló ń gbà á jẹ! Ẹ má pe orúkọ yẹn mọ́. Ẹ máa pa ọmọ mi!" Ó gbé òróró àdúrà, ó ta á sí gbogbo igun pálọ̀, ó ń kígbe pé, "Padà síbi tí o ti wá!" Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn náà tún ṣe àmín, ṣùgbọ́n ó rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tọrọ àforíjì.

"Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń dáhùn," ni Kọ́láolúwa wí. "Ṣé torí pé ọmọ lọ, kí n wá kọ̀wé fipò bàbá sílẹ̀?"

Ẹnu ló fi sọ ọ́ o. Ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀. Tó bá lọ jẹ́ pé àdúrà òun ló ń ṣe ọmọ náà ní jàǹbá ńkọ́? Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó pe Fọlákẹ́, Fọlákẹ́ ṣe àmín, ó fo orúkọ Bọ́lájí, ó fẹ́ fi oore-ọ̀fẹ́ parí àdúrà.

"Bàbá," ni ohùn náà sọ jẹ́jẹ́, "ẹ ò tíì pè é o."

Fọlákẹ́ di ìró ìyá rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n Kọ́láolúwa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nínú ohùn yẹn, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíì ni. Olè ìbùkún wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ojú tì í pé òun ló fẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ọmọ́bọ́lájí!" Igbe ló fi pè é. "Ọmọ mi! Ibi yòówù kí o wà, Ọlọ́run á mú ẹ délé!"

Àmín méjì ló dáhùn. Èkíní ha bí ó ṣe máa ń ha. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ọmọ́wùmí gbọ́ tó fi dojú bolẹ̀. "Yéè! Ohùn ọmọ mi nìyẹn! Jésù o, Bọ́lájí mi nìyẹn!"

Kò pẹ́ sí i, ìjọba fi ọkọ̀ òfuurufú kó lára àwọn tó há sí Líbíyà dé, Bọ́lájí sì kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó ti rù di egungun lásán. Ẹkún ni, ìdùnnú ni, ìyá ń yí nílẹ̀. Nígbà tí ara rọlẹ̀, bàbá bi í léèrè ohùn yẹn.

"Mò ń gbọ́ yín, Bàámi," ni Bọ́lájí wí, kò gbójú sókè. "Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n tì wá mọ́ ní Líbíyà, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tí ẹ ń pè mí. Ojú ń tì mí, mi ò lè dáhùn. Èèyàn kan ṣoṣo tó ń gbọ́ yín pẹ̀lú mi, kò mọ bàbá tó bí i. Ó ní bí mi ò bá ní dá yín lóhùn, òun á bá mi dá yín lóhùn, kó má di pé ó sú yín. Ọjọ́ tí ẹ ò pè mí, ńṣe ló ń sunkún. Ẹkún ẹ̀ ló jẹ́ kí n la ẹnu."

"Níbo ló wà?"

"Nísàlẹ̀, nídìí àtẹ̀gùn. Fákúnlé lorúkọ ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti gòkè."

Ọmọ́wùmí ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rù hángógó dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ káàárọ̀, mà," ló wí, gbogbo irun ara obìnrin náà sì dìde, torí ohùn yẹn náà ni. "Ṣé kí n wọlé, mà? Ẹ̀yin lẹ ní kí n padà síbi tí mo ti wá."

Ọmọ́wùmí gbé e dìde. Ó fa ọwọ́ rẹ̀, ó ń sunkún. "Má bínú, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kúnlẹ̀ ní pálọ̀. Kọ́láolúwa pe Fọlákẹ́, ó pe Bọ́lájí, àwọn méjèèjì ṣe àmín. Ó wá ní, "Fákúnlé, ọmọ mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o sọnù mọ́."

Fákúnlé bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè.

Bọ́lájí gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ìwọ ni," ló wí. "Ìwọ ni bàbá wa ń pè."