Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbẹ́ Tábìlì

Ọmọ kẹrin kú sórí bẹ́ẹ̀dì náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì alágbàfọ̀ ni. Ó mu omi láàárọ̀, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tuntun wò ó lójú, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó gbé e kúrò ní igun wọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì òun gan-an. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ọmọ ti dákẹ́. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ dán ẹnikẹ́ni wò.

"Ẹ bá mi kà á," ni alágbàfọ̀ ń wí. Omi ojú rẹ̀ ti gbẹ. "Mẹ́rin. Mẹ́rin tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sún mọ́ ara rẹ̀. Èwo ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé nínú wọn?"

Ọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé etí Télọ̀, ọkọ nọ́ọ̀sì.

Oṣù mẹ́ta péré rèé tí wọ́n kó dé ìpínlẹ̀ náà. Iṣẹ́ ọsibítù ló gbé wọn wá. Lẹ́tà iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ dé, Télọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọdún mọ́kànlá, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀, ó kó ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án wá kiri, wọ́n forí lé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wọlé fún un, ìyẹn náà síìpù tó já ni. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wú. Ẹyẹ kan sì wá sọ òrùlé wọn dilé. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

"Màmá, ìyàwó mi kọ́."

"Ta ló pe ìyàwó rẹ? Mo ní ẹyẹ ń ké. Ìwọ lo dárúkọ ẹni tó ni ín."

Nígbà tí ìyàwó wọlé, tó ń bọ́ bàtà, Télọ̀ kò lè mú un mọ́ra. "Kí ló dé tó jẹ́ àwọn tó o bá gbé sún mọ́ra ni wọ́n ń kú?"

Obìnrin náà fi bàtà kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó wò ó títí. "Ìwọ náà," ló wí. Ó kọjú sógiri.

Lọ́jọ́bọ̀, ara ọmọ tiwọn gbóná bí ààrò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé sínú bó ṣe ń mí. Télọ̀ gbé e, ó sáré, ìyá rẹ̀ ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, òun pẹ̀lú ọmọ aláìsàn mẹ́tàlélógún. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tábìlì ló kọjú sí tààrà.

Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde.

"Ó ti kan tirẹ̀," ni alágbàfọ̀ wí láti igun, tó rọ̀ mọ́ ìbejì kan tó ṣẹ́ kù, tí ara òun náà kò tíì yá. "Ó ti jẹ ìpín ẹgbẹ́ àjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbèsè ẹran ni, ẹran la fi ń san án."

Ìyá Télọ̀ di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Bó o bá jẹ́ kó tẹ́ ọmọ mi síbẹ̀, má pè mí ní ìyá mọ́."

"Gbé e fún mi," ni Télọ̀ wí.

"Baba ọmọ mi, fetí sílẹ̀ ná..."

"Mo ní gbé e fún mi."

Bẹ́ẹ̀dì tó jìnnà jù lọ ni wọ́n gbé e lọ, lẹ́yìn òpó. Ìyàwó rẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ, ó fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ẹnìkan pè é, ó lọ. Ó tún yọjú, wọ́n tún pè é. Ìyá Télọ̀ jókòó, ó ń ki ọmọ náà: ọmọ erin tí ń rìn kí ilẹ̀ mọ̀, ọmọ a-fọ̀nà-han-ọ̀nà, má yà, má pa wá lẹ́kún, ilé là ń lọ.

"Wò ó," ló wí nígbà tó yá, inú rẹ̀ dùn. "Ó ti ń sùn. Ó ti dẹwọ́ mímí yẹn."

Télọ̀ wo ọmọ náà. Ẹni tó ti ń yan òwú mọ́ aṣọ láti ọdún mọ́kànlá kì í ṣi àwọ̀ mọ̀. Ètè ọmọ ti dà bí òwú aró. Ó ké pe ìyàwó rẹ̀. Òpó dí i lójú, ẹkún ọmọ mìíràn dí i létí. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Télọ̀ kò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ọmọ lé àyà, ó la àárín àwọn ìyá ọmọ kọjá. Ìyá rẹ̀ ń pè é, kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì náà.

Obìnrin náà yíjú, ó rí i. Ìgò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kan ṣoṣo tó wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn ni wọ́n dè é mọ́ ògiri. Ó fi ìbòmú rẹ̀ bo ọmọ nímú, ó ṣí i, ó ń fọwọ́ pa á láyà, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni aró rọra ń ṣí kúrò létè ọmọ, ọmọ wúkọ́, ó sì sunkún.

Télọ̀ fọwọ́ nu omi ojú ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò mọ̀ pé ó gba sísọ. Níbi tá a ti wá, àwọn ìyá ló ń jà du irú bẹ́ẹ̀dì yìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ tó bá le jù ni mò ń gbé síbí, kí ojú mi àti afẹ́fẹ́ lè tó o. Bí ara rẹ̀ bá sì ti fúyẹ́, mo gbé e kúrò kí àyè lè ṣí. Mẹ́rin kú síbí. Àwọn mọ́kànlá tí mo gbé kúrò síbòmíràn, tí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sílé, ta ló ka tiwọn?"

 Ìyá Télọ̀ tẹjú mọ́lẹ̀.

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ mira. Ó gbé ọmọ tó ṣẹ́ kù, ó rìn wá síwájú tábìlì, ó ká aṣọ tó fi bo ọmọ náà. Ìhà ọmọ ń wọlé, ó ń jáde.

"Ó ti ń ṣe báyìí láti àárọ̀," ló wí. "Mo bò ó kí ẹ má baà rí i."

Nọ́ọ̀sì ti ń wá ohun tí yóò fi pín okùn afẹ́fẹ́ sí méjì. Télọ̀ kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ òun. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ ọmọ rẹ̀, ó rọra sún un mọ́ ògiri, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ apá tó ṣófo náà, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti gé.

"Ẹ gbé e wá," ló wí.