Afárá Tó Dorí Kodò

"Bàbá, ẹ wá wò ó o! Afárá yìí ti dorí kodò!"

Inú yàrá ni Akọ̀wé ti gbọ́ igbe náà, kò sì dìde. Ó jókòó ti tábìlì, ó ń fi ẹ̀mú kékeré to àwọn sítáǹpù lẹ́tà rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó ń kó wọn sí, láìjẹ́ kí ìka rẹ̀ kàn wọ́n. Ó mọ Tíńtín, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Bí eṣinṣin bá bà lé ìwé ọmọ náà, gbogbo ilé ló máa gbọ́.

Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá òun fúnra rẹ̀ pé, "Háà! Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí èyí?" ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó jáde sí pálọ̀.

Àpòòwé àtijọ́ kan ni bàbá rẹ̀ mú dání. Sítáǹpù kan wà ní igun rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún ìrántí ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá ńlá ìlú náà. Akọ̀wé ní irú rẹ̀ mẹ́ta: etí rẹ̀ pupa yíká, afárá aláwọ̀ aró sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n nínú ti Tíńtín yìí, omi ló wà lókè, afárá ló wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ sì na táyà sókè.

Atẹ̀wé ni bàbá náà, kò sì pẹ́ tó fi ṣàlàyé rẹ̀. "Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ máa ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti tẹ pupa tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ aró, ẹnì kan fi orí bébà ṣe ìdí. Wọ́n á ti kó èyí tó pọ̀ jù dànù, àmọ́ díẹ̀ yọ́ jáde." Ó rẹ́rìn-ín. "Àṣìṣe tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ lé ọmọṣẹ́ lọ sílé, òun làwọn tó ń kó sítáǹpù jọ ń wá kiri títí wọ́n fi ń darúgbó."

"Níbo lo ti rí i?" Akọ̀wé béèrè.

"Ọ̀dọ̀ màmá nọ́ọ̀sì ni, àǹtí mi. Sátidé tí wọ́n ní ká wá bá àwọn palẹ̀ yàrá ìkẹ́rù mọ́. Páálí àpòòwé kan ni wọ́n fún mi."

Akọ̀wé rántí. Àwọn méjèèjì ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì náà ránṣẹ́ pè láti ilé kejì. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sọ pé eruku kì í jẹ́ kí òun mí dáadáa, kò sì lọ. Eruku! Ó sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dà bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn.

Ọdún mẹ́rin ni Akọ̀wé ti fi ń kó sítáǹpù jọ. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kó wọn jọ nílé ẹ̀kọ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Tíńtín kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ẹgbẹ́. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ sítáǹpù àkọ́kọ́ rẹ̀ mọ́ ìwé bí ẹni ń lẹ ìkéde mọ́ ògiri!

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ń darí ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfihàn ọdọọdún wọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. "Àárín gbọ̀ngàn ni ti Tíńtín máa wà," ó ní. "Akọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dára fún tìẹ, àbí?" Kò ní i ní ibi lọ́kàn. Àmọ́ ọdún méjì ni àárín gbọ̀ngàn ti fi jẹ́ ti Akọ̀wé.

"Àbúrò rẹ ti gbapò lọ́wọ́ rẹ o!" àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Nílé, kò sí oníbàárà tó wá tẹ ìwé tí bàbá rẹ̀ kò ní ròyìn afárá fún. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tó bá dárúkọ Tíńtín lójúmọ́. Ìgbà tó dárúkọ òun ńkọ́? Ó kà á títí, oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, Tíńtín gbé àpòòwé náà wá bá a.

"Àǹtí mi, ẹ wò ó, àpòòwé yìí ti dọ̀tí, ó tún ti ya létí. Ṣé kí n rì í sómi, kí n lè yọ sítáǹpù rẹ̀ sínú ìwé mi? Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi."

Nǹkan méjì ni Akọ̀wé mọ̀. Ó mọ̀ pé wọn kì í yọ irú sítáǹpù bẹ́ẹ̀ kúrò lára àpòòwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí, nítorí àpòòwé náà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé aró àtijọ́ yẹn máa ń ṣí bó bá kan omi. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ méjèèjì sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ kí Tíńtín tó dé. "Rárá" nìkan ló kù kó sọ.

"Rì í sómi," ó wí, kò gbójú sókè. "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ ṣé gan-an, àǹtí mi. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe tí kì í bá ṣe yín."

Ó gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà ní kíṣíìnì. Ó lè dìde. Nígbà tí ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ó ṣì lè dìde. Ó di ẹ̀mú mú títí tó fi dá àpá sí i lọ́wọ́. Ó ń retí igbe, kò gbọ́ igbe kankan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ló lé e dìde.

Tíńtín dúró níwájú abọ́. Omi inú rẹ̀ ti di aró. Lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, etí pupa nìkan ló ṣẹ́ kù, àbàwọ́n rúdurùdu kan sì wà láàárín.

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Omi yẹn ti gbóná jù. Wọ́ọ́rọ́ lẹ sọ fún mi."

Akọ̀wé ti rò pé inú òun máa dùn. Ó wá ìdùnnú náà títí, kò rí i. "Pẹ̀lẹ́," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Olùkọ́ ní kí Tíńtín ṣì gbé e wá síbi àfihàn. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n pè wá ṣe adájọ́. Ó fi awò wo sítáǹpù náà, ó mi orí.

"Ta ló ní kó o rì í sómi, ọmọ mi?"

"Ó wà nínú ìwé òfin wa pé a kì í rì í sómi, sà," olùkọ́ dáhùn, ojú ń tì í. "Akọ̀wé ló kọ ọ́ síbẹ̀."

Tíńtín yíjú díẹ̀díẹ̀. Ó wo Akọ̀wé, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí adájọ́ náà. "Èmi ni mo dá a ṣe, sà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

Àkójọ Akọ̀wé ló gba ipò kìíní. Nígbà tó dé iwájú tí wọ́n na ìwé ẹ̀rí sí i, ó rí Tíńtín láàárín èrò, tó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ síbi ìwé náà.

"Ẹ má bínú, sà, ẹ mú un dání. Tíńtín bi mí. Èmi ni mo ní kó rì í. Mo mọ̀ pé ó máa bàjẹ́."

Bàbá rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn, wo ilẹ̀, ó sì jáde. Olùkọ́ gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nílé, ó gbé ìwé sítáǹpù rẹ̀ ka iwájú Tíńtín. "Mú èyí tó bá wù ọ́. Mú gbogbo rẹ̀."

Tíńtín pa ìwé náà dé. "Mi ò fẹ́ sítáǹpù. Kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo jowú rẹ ni."

Tíńtín ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo ti dárí jì yín, àǹtí mi." Ó sì dárí jì í lóòótọ́. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ní sáà tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ jókòó yí tábìlì ká, Tíńtín sì rí sítáǹpù kan tí kò dá a lójú. Ẹ̀gbẹ́ Akọ̀wé ló jókòó sí. Akọ̀wé mọ ìdáhùn, ó ti la ẹnu. Tíńtín dìde, ó gba ẹ̀yìn àga Akọ̀wé kọjá, ó rìn yí tábìlì po, ó lọ bi olùkọ́.

Ìgbà yẹn ló yé Akọ̀wé. Owú kò gbé afárá náà wá sínú ìwé tirẹ̀. Ó ti ní ẹnì kan láyé tó ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìwẹ̀yìn, ẹni yẹn gan-an sì ni owú gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun rere bá kan ẹlòmíràn tí àyà yín ń ta, ẹ má ṣe jẹ́ kí owú bá yín dáhùn. A lè tọrọ ìdáríjì, kí wọ́n sì fún wa lọ́jọ́ kan náà. Ìfọkàntán kì í tètè padà bẹ́ẹ̀.