Eérú Ọ̀fẹ́ àti Ìwé Àyẹ̀wò Àtijọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí kò bá tíì dé ẹbù gààrì lásìkò òjò kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ ojú títì kò tó nǹkan. Ti ẹbù ló burú, nítorí omi òjò ń bọ̀ látòkè, omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn láti abẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún un, àwọn méjèèjì á wá pàdé lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ru ẹrù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní ẹbù Wúlẹ̀mọ̀tù, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ògìjo, ní oṣù kẹfà ọdún 1989. Wúlẹ̀mọ̀tù ni olórí àwọn obìnrin mẹ́rìndínlógún tó ń ṣe gààrì níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì sí ẹni tó lè fi gààrì tí kò yan dáadáa tàn án jẹ. Bó bá ti bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, tó dà á sẹ́nu, á dárúkọ ẹni tó yan án fún ọ.

Lọ́jọ́ kan, Sàrátù, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Táyé, yọ̀ ṣubú tòun ti àpò ẹ̀gẹ́ rírin lórí. Ẹ̀gẹ́ dànù, ọrùn ẹsẹ̀ wú. Nígbà tí wọ́n gbé e jókòó tán, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni olórí wa. Bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí ilẹ̀ yìí, á pa ẹnì kan o."

Ọ̀rọ̀ náà dun Wúlẹ̀mọ̀tù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó di iléeṣẹ́ kan nísàlẹ̀ ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù àti bátìrì ọkọ̀. Ó ti máa ń rí i tí ọkọ̀ tipa wọn ń kó eérú dúdú kan jáde, eérú tó máa ń le gbagidi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta òun lọ́rẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, ọmọ Ìpẹ̀rú tó jẹ́ máníjà ibẹ̀, kò jiyàn rárá. "Màmá, tipa mẹ́rin la máa já fún yín, a ò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní òjé tó ń jáde nínú rẹ̀ kò tó ohun tó lè pa èèyàn lára. Ìwé rẹ̀ rèé." Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó tún wo ojú obìnrin náà. "Ẹ gbọ́ ná, ṣé Sàdíátù tó wà ní lábù ìjọba kì í ṣe ọmọ yín ni? Òun ló fọwọ́ sí i."

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìyá wo ni orí rẹ̀ kò ní wú? Wúlẹ̀mọ̀tù kò mọ̀wé, àmọ́ iṣẹ́ gààrì ló fi rán Sàdíátù nílé ìwé, láti pírámárì títí dé yunifásítì. Ó gbé ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bọ̀ wá sílé, kò ká a, kó má baà rún. Ẹni tó kí i lọ́nà, ó fi hàn án. Ẹni tí kò kí i, ó pè é, ó fi han òun náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, òkìtì eérú mẹ́rin ti wà létí ẹbù, wọ́n sì ti fi ọjọ́ Ajé sí i pé àwọn máa tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Sàdíátù wọlé. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé báàgì sílẹ̀.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ," ó ní, ó sì fà á lọ sí ẹbù.

Sàdíátù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wo òkìtì eérú. Ó wo abẹ́ jáàkì, níbi tí omi funfun ti ń ro tótó, tó ń ṣàn gba àárín ẹbù kọjá lọ sápá kànga. Kànga yẹn nìkan ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀gẹ́, òun náà ni gbogbo abúlé ń mu.

"Ìyá mi, ibo lẹ fẹ́ da eérú yìí sí?"

"Ibi tó o dúró sí yẹn náà ni. Láti abẹ́ jáàkì títí dé ẹnu kànga."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á."

Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ gbé ọ̀bẹ dúró. Wúlẹ̀mọ̀tù ní, "Kí ló dé? Ṣé ìwọ kọ́ lo fọwọ́ sí ìwé náà ni?"

"Èmi ni. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ọdún 1986 ni mo kọ ọ́, ìlànà tá a fi yẹ eérú wò nígbà náà sì ti yí padà. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn gbára lé mọ́."

Ara Wúlẹ̀mọ̀tù bù máṣọ. Ìtìjú mú un, nítorí kò sí ilé tí kò tíì fi ìwé yìí hàn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sàdíátù, ṣé irọ́ lo pa nígbà náà ni?"

"Irọ́ kọ́, Ìyá mi. Ohun tí ìjọba ní ká béèrè lọ́wọ́ eérú náà la béèrè, ó sì dá wa lóhùn. Ìlànà ìgbà yẹn ni pé ká bu eérú sínú omi tó mọ́ gaara, ká máa mì ín fún odindi ọjọ́ kan, ká wá wo ohun tó yọ́ sínú omi. Òjé tó yọ́ kò tó nǹkan."

"Kí tiẹ̀ ni òjé yìí?" Sàrátù béèrè láti orí àpótí tó gbé ẹsẹ̀ lé.

"Irin rírọ̀ tó wà nínú bátìrì ni, Ìyá Táyé. Bó bá yọ́ sínú omi, ojú kò lè rí i, kò sì ní òórùn. Bó bá ń wọ ara ọmọdé díẹ̀díẹ̀, kì í jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Bó bá wọ ara aboyún, ó lè ba oyún jẹ́."

"Ó dáa, kí ló wá yí padà nínú àyẹ̀wò?" Sàrátù tún béèrè.

"Àwọn onímọ̀ rí i pé ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí iléeṣẹ́ sí, omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe omi mímọ́. Ewé ń jẹrà níbẹ̀, èèpo obì ń jẹrà, omi ara wọn á sì kan. Ohun tí omi lásán kò lè fà jáde, omi kíkan á fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún ìlànà ṣe. Lọ́dún yìí, wọ́n ní omi kíkan ni ká máa fi yẹ irú eérú báyìí wò, wọ́n sì kó wa jọ, wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń ṣe é."

Gbogbo wọn ń wo omi funfun tó ń ro lábẹ́ jáàkì.

Wúlẹ̀mọ̀tù ló kọ́kọ́ lanu. "Kí ló kan tó omi ẹ̀gẹ́? Ọ̀bẹ tá a bá gbàgbé sínú rẹ̀, á ti jẹ ẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Sìmẹ́ǹtì tá a fi tẹ́ abẹ́ jáàkì lọ́dún kẹta, kí ló ṣẹ́ kù níbẹ̀?"

"Òkúta inú rẹ̀ ló kù," Sàrátù dá a lóhùn.

"Ìyá mi," Sàdíátù ní, "ohun tí ìwé ìlànà fi ogún ojú ewé ṣàlàyé lẹ ti sọ yẹn."

Ṣùgbọ́n Sàrátù kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tètè tán lẹ́nu rẹ̀. "Ó ti yé mi, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ṣì wú. Ìwé ní kò burú, ẹni tó kọ ìwé ní ó lè burú. Èwo ni ká mú? Òjò kò ní dúró de gírámà o. Bẹ́ ẹ bá tún un yẹ̀ wò tán tí kò burú ńkọ́?"

"Ẹ ó dà á nígbà náà, èmi gan-an á sì bá yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo bẹ̀ yín fún."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù. Òun ló tọrọ eérú, òun ló fi ìwé yangàn. Bó bá ní kí wọ́n dúró, wọn á ní ó kó wọn láyà jẹ lásán. Bó bá sì ní kí wọ́n dà á, tí òjé wọ kànga, ọmọ ta ni kò ní mu níbẹ̀? Ó wo ojú Sàdíátù, ó rí i pé ojú tì í bí ojú ṣe ń ti òun náà, síbẹ̀ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyẹn ló mú un lọ́kàn le.

"Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ó ní. "Bí kànga yìí bá bàjẹ́, ẹni tó máa gbẹ́ òmíràn fún wa kò tíì jáde. Ẹ lọ gbé tapólì wá."

Wọ́n fi tapólì bo òkìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì mọ yẹ̀pẹ̀ yí i ká kí òjò má baà wọ́ ọ. Sàdíátù bu eérú díẹ̀díẹ̀ lórí, láàárín àti nídìí òkìtì kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tó mọ́. Ó tún gba omi ẹ̀gẹ́ sínú ìgò kan. Nọ́ńbà ló kọ sára wọn, kò kọ orúkọ abúlé.

"Kí ni nọ́ńbà wà fún?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Èmi kọ́ ni n ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ ilé mi ni. Ẹlòmíràn ní lábù ló máa ṣe é, kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì yẹn bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Bí ẹnì kan bá yọ̀ báyìí, Sàrátù á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, lábù ń bọ̀." Wúlẹ̀mọ̀tù á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin yìí ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lè ṣe. Gbogbo ilé tó ti fi ìwé hàn, ó padà síbẹ̀. "Ìwé tí mo fi yangàn níbí lọ́jọ́sí, ẹ má gbára lé e mọ́. Ọmọ mi tó kọ ọ́ ló ní kí n sọ fún yín." Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bíríkìlà kan ní abúlé kejì, tó ti ń múra láti gba eérú kan náà sí yàrá tó ń kọ́ fún ìyàwó rẹ̀, gbọ́, ó sì dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, Sàdíátù dé pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí àti wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Wolé-wolé ló ka èsì náà sí wọn létí.

"Eérú tí wọ́n fi omi mímọ́ yẹ̀ wò, òjé tó jáde kò tó ìdámẹ́wàá ohun tí ìjọba fàyè gbà. Ìwé àtijọ́ kò parọ́. Èyí tí wọ́n fi omi kíkan yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìlànà tuntun, òjé rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ohun tí ìjọba fàyè gbà lọ. Wọ́n tún fi omi ẹ̀gẹ́ tiyín gan-an dán an wò. Ìlọ́po méje."

Sàrátù káwọ́ lérí. "Sàdíátù, má bínú sí mi. Bó bá jẹ́ tèmi la tẹ̀ lé ni, à bá ti máa mu ún."

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí ṣí fìlà. "Màmá, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ni mo gbà gbọ́. N kò wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Ẹ forí jì mí." Kò fi mọ sẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó eérú náà padà, àti yẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wolé-wolé dúró tì wọ́n títí dé ṣọ́bìrì tó kẹ́yìn. Abẹ́ òrùlé níléeṣẹ́ wọn, lórí kọnkéré, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí báyìí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi tẹ́ ẹbù, àwọn obìnrin sì la gọ́tà tó ń gbé omi ẹ̀gẹ́ jìnnà sí kànga.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó eérú tán, Sàdíátù gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lójú gbogbo wọn, ó fa ìlà lé e láti òkè délẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlànà ti yí padà, kí ẹnikẹ́ni má lò ó mọ́. Ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí béèrè bóyá kò nira fún un láti fa igi lé iṣẹ́ ara rẹ̀.

"Ó nira," Sàdíátù ní. "Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì."

Omi lé ròrò sójú Wúlẹ̀mọ̀tù. "Ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé yìí hàn mí, inú mi dùn torí pé orúkọ ọmọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Lónìí tó o fagi lé e, ìgbà yìí gan-an ni mo mọ̀ pé gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo rin kò ṣègbé."

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin yòókù tí iléeṣẹ́ wà nítòsí yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Eérú, ẹrẹ̀ tàbí ìdọ̀tí mìíràn tó bá ti iléeṣẹ́ jáde, ẹ má fi kún ilẹ̀ ilé, ẹbù, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá ìlànà tí wọ́n fi ṣe é ṣì ni ìjọba ń lò lónìí. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Kì í ṣe àbùkù lábù pé ó tún ìlànà rẹ̀ ṣe; lábù tí kì í tún tirẹ̀ ṣe ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó mú ìwé náà tọ wolé-wolé lọ, kó sì sọ irú omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ náà fún un, nítorí ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Bí ẹ bá ti rí òkìtì tí kò yé yín, ẹ bò ó, ẹ lé ọmọdé kúrò nídìí rẹ̀, kí ẹ sì tètè fẹjọ́ sùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò, ẹ jẹ́ kó wí. Ẹrẹ̀ òjò á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga tí òjé bá wọ̀, kò sí bí a ṣe lè gbọ́n ọn kó mọ́.