Aṣọ Funfun Apá Tinúkẹ́

Àyà Tinúkẹ́ ti ń já kí wọ́n tó ti ọkọ̀ kankan sómi. Ó dúró létí dáàmù Ìtapàjí pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, ó ń wo Bọ̀dá Akínkúnmi, apẹja tí yóò máa fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun díje. Bọ̀dá Akínkúnmi ń so aṣọ mọ́ wọn lápá. Pupa ni ti ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, funfun ni ti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, àwọn alápá pupa ni yóò kọ́kọ́ fà jáde.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi Tinúkẹ́.

"Funfun ni, Bọ̀dá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Atẹ́gùn òní yìí ò yé mi o."

"Ó dá mi lójú, sà."

Irọ́ gbuu ni. Odò tó jìn jù tí Tinúkẹ́ wọ̀ rí kò mù ún dé orúnkún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mákindé, olùkọ́ wọn tó kọ́ nípa ọkọ̀ ìgbòkun nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Àgbádárìgì, ń yan àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé wọn ní Ìkọ̀lé, ó ní ẹnì kan nínú àwọn méjì tó bá wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀wẹ̀. Wọ́n ti yan Mùínàt, ọ̀rẹ́ Tinúkẹ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìtọ́kọ̀ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ ọ́n dì mú bíi tirẹ̀. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ ló kù. Ilé ìwé tó bá sì borí yóò lọ wo òkun ní Àgbádárìgì, Tinúkẹ́ kò sì tíì kọjá Àkúrẹ́ rí láyé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè kó tó rò ó. Ó ní àǹtí òun tó wá láti Èkó ló kọ́ òun, bí ẹni pé inú báfù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ gbà á gbọ́.

Mùínàt dé, ó ti ki etí híjáàbù rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù amúniléfòó, aṣọ pupa wà lápá rẹ̀. "Ìwọ ni mo gbójú lé o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, o ó pọ̀n mí jáde."

Tinúkẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí fèrè dún, atẹ́gùn rọra ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, ìgbòkun tí télọ̀ fi tapólì rán sì kún dáadáa. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí àwọn kẹ́ẹ̀gì tó léfòó láàárín omi po, kí wọ́n sì padà. Wọ́n kọjá ọkọ̀ àwọn ará Ọ̀yẹ́. Wọ́n kọjá ti àwọn ará Ìdó. Ó kù díẹ̀ kí Tinúkẹ́ gbàgbé ẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn kú. Ìgbòkun rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Òjò ṣú sórí òkè tó wà níwájú wọn, omi di dúdú, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ débi pé Tinúkẹ́ ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

"Tú okùn ìgbòkun," Mùínàt wí. "Olùkọ́ ní bó bá dákẹ́ báyìí, ibòmíràn ló fẹ́ gbà yọ."

Tinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó okùn náà. Kò tíì tú u tán tí atẹ́gùn fi já lù wọ́n láti iwájú. Igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun fì kọjá lórí wọn, ọkọ̀ sì dojú dé.

Abẹ́ ìgbòkun ni Tinúkẹ́ bá ara rẹ̀, nínú òkùnkùn, omi nímú, omi lẹ́nu. Ó rò pé òun ti kú. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ló tì í sókè títí orí rẹ̀ fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì di ọkọ̀ náà mú tọwọ́tẹsẹ̀. Mùínàt ti rọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà ní ìpẹ̀kun kejì.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ àwọn ará Ìdó náà ti dojú dé, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń ké. Bọ̀dá Akínkúnmi na ọwọ́ sí Mùínàt. "Alápá pupa, wá."

Mùínàt wo àwọn tó ń ké lẹ́yìn. "Ẹ lọ kó àwọn yẹn ná, Bọ̀dá. Tinúkẹ́ mọ̀wẹ̀, á dì mí mú."

Bọ̀dá Akínkúnmi wo aṣọ funfun náà, ó wo ojú Tinúkẹ́. Òtítọ́ ti dé ahọ́n Tinúkẹ́. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo ilé ìwé tó wà létí omi, ó rántí ojú olùkọ́, ó sì gbé e mì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yí padà, ó lọ.

Atẹ́gùn ń gbé wọn lọ síhà ibi tí omi ti ń dà kọjá ògiri dáàmù. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ìgbà yẹn ni okùn ẹ̀wù amúniléfòó Mùínàt já, ẹ̀wù náà gòkè bò ó létí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ lára pákó.

"Tinúkẹ́, wẹ̀ wá síbí. Mo ń yọ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mùínàt. Irọ́ ni mo pa."

Mùínàt kàn wò ó. Nínú gbogbo ohun tó dẹ́rù bà á lọ́jọ́ náà, ìwò yẹn ló burú jù.

Tinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wọ́ lára ọkọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń pe Jésù sínú omi, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fa okùn ìgbòkun, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ Mùínàt, ó sì so ó mọ́ ọkọ̀. Ó já aṣọ pupa kúrò lápá Mùínàt, ó ń jù ú lókè, ó sì ké débi tó lè ké dé:

"Ẹ gbà wá o! Mi ò mọ̀wẹ̀! Mi ò mọ̀wẹ̀ rí!"

Gbogbo etí omi gbọ́. Bọ̀dá Akínkúnmi tó ti fa àwọn ọmọ Ìdó jáde gbọ́, ó sì sáré padà. Mùínàt ló kọ́kọ́ fà wọlé, ó fa Tinúkẹ́ tẹ̀ lé e. "Ẹ fara balẹ̀," ó wí, ó ń yí ọkọ̀ padà, "ulé là ń lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Mákindé kò pariwo. Ó ní òun náà jẹ̀bi, pé ó yẹ kí òun ti dán wọn wò nínú omi, kí òun má fi ẹnu lásán gbà á. Lẹ́yìn náà ló yọ orúkọ Tinúkẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ títí yóò fi mọ̀wẹ̀. Èyí dùn ún, àmọ́ ọ̀rọ̀ Mùínàt ló gún un lọ́kàn.

"Pé o ò mọ̀wẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí," Mùínàt wí láti inú ìró tí wọ́n fi bò ó. "Bọ̀dá na ọwọ́ sí mi. O wà níbẹ̀, o sì dákẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá tí kò bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Bọ̀dá Akínkúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìwẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn, Tinúkẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù rẹ̀. Olùkọ́ bi gbogbo wọn léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n mọ̀wẹ̀.

"Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, sà," Tinúkẹ́ wí sókè, ó sì mú aṣọ pupa. Ó ti yé e wàyí pé irọ́ tí èèyàn pa nípa ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, torí ẹlòmíràn lè fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e. Ojú tì í díẹ̀, ojú títì náà sì kọjá lọ.

Ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan so aṣọ náà nígbà tí ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mùínàt ni. Ó so ó mọ́ ọn lápá, ó sì fà á kó le.